Ta Ni Yóò Gbé Dùùrù Màmá?

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Nọ́ọ̀sì fi téèpù wọn àtẹ̀gùn ilé tuntun náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni téèpù sì fún un lésì kan náà: dùùrù kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Àjà kẹrin ni yàrá méjì tó gbà wà, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì lọ́ bí ìfun ewúrẹ́. Tábìlì á gòkè. Bẹ́ẹ̀dì á gòkè bí wọ́n bá tú u. Ṣùgbọ́n dùùrù ńlá dúdú tí ìyá ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ náà fi sílẹ̀ kú ní oṣù méje sẹ́yìn, igun àkọ́kọ́ ló máa há sí. Ó ká téèpù, ó jù ú sápò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Ẹ̀gbọ́n ní ọgbà tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ìlú, Oníbúlọ́ọ̀kù sì ni gbogbo ẹni tó ń kọ́lé ń pè é. Obìnrin tó ń dá gbé àpò sìmẹ́ńtì ni, kì í sì í rẹ́rìn-ín tí oníbàárà bá ń ná ọjà. Àbúrò ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Òun ló bá Màmá gbé fún ọdún mọ́kànlá tí àìsàn fi mú Màmá lẹ́sẹ̀. Òun ló ń gbé e lọ síbi ìwẹ̀, òun ló ń gé èékánná rẹ̀, òun ló ń gba èébú rẹ̀ nígbà tí ara bá ń ni ín. Ẹ̀gbọ́n a máa fi awakọ̀ rán oògùn, ìrẹsì, àti àga onítáyà tuntun nígbà tí ti àtijọ́ bàjẹ́. Òun fúnra rẹ̀, tó bá fi yọjú rárá, ìta ló máa ń dúró sí. Kì í wọ pálọ̀. Á kí Màmá láti ojú wíńdò bí ẹni tó wá béèrè ọ̀nà, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ti di egungun ẹja lọ́fun Nọ́ọ̀sì. Kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé pọ̀ dànù.

"Àǹtí mi, ẹ káàsán o."

"Mo ń gbọ́."

"Sátidé la máa kó jáde. Ẹni tó ra ilé Màmá fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ní Mọ́ńdè. Ó wá ku dùùrù. Kò gba àtẹ̀gùn tèmi. Mo ní bóyá ẹ máa..."

"Bóyá mo máa kí ni?"

"Bóyá ẹ máa gbé e. Ilé yín tóbi."

Ẹ̀rọ tó ń po sìmẹ́ńtì ń pariwo lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì gbọ́ tó ń jágbe mọ́ ẹnì kan pé omi ti pọ̀ jù, ṣé ẹ̀kọ ló ń rò ni, kó tó padà sórí fóònù.

"Nǹkan yẹn kò ní wọ ilé mi. Kò ní wọ ọgbà mi. Ṣé o gbọ́?"

"Ṣé kí n fi tọrẹ ni?"

"Ṣe èyí tó bá wù ọ́. Ṣebí ìwọ ni ọmọ tó tọ́jú ìyá."

"Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

"Ọ̀rọ̀ tó o máa ń sọ lẹ́yìn mi ni. Mo kàn dá a padà fún ọ. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́."

Ló bá gé fóònù.

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rò pé bí òun bá ti kéde, ogún èèyàn ni yóò nawọ́. Irọ́ pátápátá. Gbogbo ayé ló ń yin dùùrù. Ẹni tó máa gbé e ni kò sí. Ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ilé ní àwọn ti ra èyí tó ń lo iná, tó fúyẹ́, tó sì ń lu ìlù fúnra rẹ̀ láìjẹun. Ọ̀gá ilé-ìwé kan ní kó kọ lẹ́tà, kó sì fara balẹ̀ de ìpàdé ìgbìmọ̀. Obìnrin kan béèrè bóyá òun lè kó inú rẹ̀ dànù kí òun fi ìyókù ṣe kọ́bọ́ọ̀dù àwo; Nọ́ọ̀sì gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ọkùnrin tó ti ń bá Màmá tún dùùrù náà ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣí ikùn rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ń mi orí bíi dókítà tí kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́ fún ẹbí.

"Eku ti jẹ aṣọ orí òòlù mẹ́fà nínú rẹ̀," ó ní. "Okùn méjì ti já. Ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ṣì le koko. Kò tíì ṣe tán àtikú o, Nọ́ọ̀sì. Ẹni tó máa gbà á sílé ló kù."

Lọ́jọ́rú ni Lọ́yà pè.

Lọ́yà ni ọkọ Oníbúlọ́ọ̀kù tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ti kọjá tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì ju pé ìwà wọn kò bára mu lọ. Màmá ló kọ́ Lọ́yà ní dùùrù nígbà tó ṣì jẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó sì jáde nínú ẹbí, kò jáde nínú pálọ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á dé pẹ̀lú ìwé ìròyìn Màmá lábíyá, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á jókòó sídìí dùùrù. Ẹsẹ̀ ni àìsàn mú Màmá, kò mú etí rẹ̀, láti orí àga onítáyà ló ti máa ń pàṣẹ pé, "Rọra. Rọra, ọmọ mi. Ṣé ẹnì kan ń lé ọ ni?" Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù ni Lọ́yà. Nọ́ọ̀sì fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Màmá dákú, mọ́tò Lọ́yà ló gbé e dé ọsibítù. Oníbúlọ́ọ̀kù kò tilẹ̀ gbé fóònù.

"Mo gbọ́ pé dùùrù Màmá ń wá ibi tó máa gbé," Lọ́yà wí.

"Ta ló sọ fún yín, Bọ̀ọ̀dá Lọ́yà?"

"Ẹni tó ń tún un ṣe ni. Àbúrò mi, má jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọyì rẹ̀. Èmi á gbé e. Mo láyè, mo sì máa kó àwọn agbẹ́rù wá fúnra mi. O ò ní gbé ìka sókè."

Ara tu Nọ́ọ̀sì bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Kíá ló tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ránṣẹ́ sí i: "Mo fi dùùrù Màmá ta yín lọ́rẹ." Lẹ́yìn náà ló wá kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "A ti rí ẹni tó máa gbé dùùrù. Bọ̀ọ̀dá Lọ́yà ni. Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀." Ká sọ tòótọ́, kò sí ìdí tó fi yẹ kó dárúkọ ọkùnrin náà. Ó mọ̀ pé yóò ta ẹ̀gbọ́n òun lára. Ìdí tó fi dárúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Oníbúlọ́ọ̀kù kò fèsì.

Nígbà tí Sátidé fi máa pé, ilé ti ṣófo débi pé èèyàn bá húkọ́, ilé á bá a húkọ́. Lọ́yà dé ní aago mẹ́wàá géérégé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó kó agbẹ́rù mẹ́rin dání pẹ̀lú bẹ́líìtì fífẹ̀ àti pákó onítáyà kékeré. Olórí wọn jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tó ń bá ẹrù sọ̀rọ̀ bó ṣe ń gbé e: "Wá, ìyá àgbà, wá. Ìgbésẹ̀ kan. Ìyẹn náà ti tó." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yí dùùrù náà jáde ní pálọ̀, wọ́n gbé e gba ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìdajì ìka tó kù sí i, wọ́n fi pákó méjì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọgbà. Lọ́yà ń tẹ̀ lé e, ó gbé ọwọ́ lé e lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Nọ́ọ̀sì di ìgbálẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà, omi lé rọ̀rọ̀ sí i lójú.

Ìgbà náà ni típà kan ya wọlé láìfọn fèrè. Ó dúró sáàárín géètì, imú rẹ̀ nínú ọgbà, ìdí rẹ̀ ní títì, kò sí ibi tí wọ́n lè gbà wọlé tàbí jáde mọ́. Oníbúlọ́ọ̀kù sọ̀ kalẹ̀. Sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́ bàtà rẹ̀, ó so gèlè rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn orí bí ẹni tó fẹ́ jà. Awakọ̀ rẹ̀ àti òṣìṣẹ́ méjì sọ̀ tẹ̀ lé e.

"Ẹ sọ ọ́ sílẹ̀," ó sọ fún àwọn agbẹ́rù.

"Ilẹ̀ náà ló wà, Ìyá," olórí wọn dáhùn.

"Ó dáa. Kó máa wà níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ju ìgbálẹ̀ nù. "Àǹtí, kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wá wo ọmọ tó tọ́jú ìyá."

"Ẹ ní ẹ ò fẹ́ ẹ! Ẹ ní kí n ṣe èyí tó wù mí!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Mo ní kó o fi tọrẹ. Mi ò ní kó o fi bú mi."

Àwọn ará àdúgbò ti ń yọ lórí ògiri. Àwọn kan fi gbígbá ojúlé ṣe bojúbojú. Àwọn tó kù kò tilẹ̀ ṣe bojúbojú. Ní ọjọ́ mìíràn, Nọ́ọ̀sì ì bá ti fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ti kún ẹnu rẹ̀.

"Ta ló bú yín? Ẹ̀yin tí ẹ kò wọ pálọ̀ ìyá tó bí yín! Ojú wíńdò! Ojú wíńdò lẹ ti ń kí i, bí ẹni tó ń ra nǹkan! Mo gbé Màmá títí ẹ̀yìn mi fi yẹ̀, ẹ kò bi mí rí pé, 'Àbúrò mi, ṣé o sùn?' Bọ̀ọ̀dá Lọ́yà tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, òun ló ń wá. Òun ló gbé e dé ọsibítù nígbà tí ẹ ò gbé fóònù. Ó yẹ kí ojú tì yín."

Lọ́yà wá gbé ohùn tútù rẹ̀ bọ̀ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Gbogbo ayé ń wò wá. Ẹ jẹ́ ká wọlé, ká sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí."

Oníbúlọ́ọ̀kù kò wo ibi tó wà. "Sọ fún ọkùnrin yẹn," ó wí fún àbúrò rẹ̀, "pé mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀." Ó yíjú sí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. "Gbé òòlù wá."

Òòlù ńlá tí wọ́n fi ń fọ́ búlọ́ọ̀kù tí kò dára ni ó ń sọ. Òṣìṣẹ́ náà gbé e wá. Àwọn agbẹ́rù sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́yà fò síwájú.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? Obìnrin burúkú yìí! Tó o bá fi nǹkan kan dùùrù yìí, mo máa..."

Ó gé ọ̀rọ̀ náà, ó gbé ẹ̀rín sójú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Láti gbogbo ọdún yìí wá, Nọ́ọ̀sì kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ohùn tó mọ́ ọn lẹ́nu ni. Kì í ṣe ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bínú.

Oníbúlọ́ọ̀kù gbé òòlù náà kalẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, kò fi ṣe ohunkóhun. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí ìdérí dùùrù. Ó tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí àwọn eyín funfun náà bẹẹrẹ, kò tẹ̀ wọ́n débi tí wọ́n máa dún.

"Nọ́ọ̀sì, wá síbí. Iṣẹ́ rẹ ni mo bẹ̀ ọ́. Ká ìka mi fún mi."

"Àǹtí..."

"Mo ní, ká a."

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ náà mú. Ọwọ́ líle, tó gbẹ bí èèpo igi. Ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e kọ̀, wọn kò ká. Àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan la ẹ̀yìn ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá, ó tọ́ bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà.

"Ṣé o rántí ìgbà tó o di ọwọ́ yìí?"

"Mo rántí. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ ní ẹ ṣubú lórí àtẹ̀gùn níbí."

"Àtẹ̀gùn wo? Yàtọ̀ sí òkúta méjì tó wà níwájú ọ̀nà yìí, níbo ni àtẹ̀gùn wà nílé Màmá? Àtẹ̀gùn wo ló ń ṣẹ́ ìka mẹ́rin lórí ìlà kan, tí kò kan ọrùn ọwọ́, tí kò bó èèyàn lórúnkún?"

Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ àpá náà. Ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, òun ni wọ́n máa ń pè tí ìyá kan bá gbé ọmọ wá pé ó já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Á wo ojú ọgbẹ́, á wo ojú ìyá, á wá sọ fún dókítà ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Bẹ́ẹ̀dì kọ́ nìyí. Ọwọ́ èèyàn ni." Kì í ṣì í. Ó ti dá a mọ̀ lára ọmọ àwọn ẹlòmíràn láìmọye ìgbà.

"Ọjọ́ Àìkú ni," Oníbúlọ́ọ̀kù sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka iye búlọ́ọ̀kù. "Mo ń lu dùùrù. Ọkùnrin yẹn ní kí n dìde, ká máa lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n parí ojú ìwé kan. Ẹyọ ojú ìwé kan. Ló bá gbá ìdérí mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì fara tì í. Màmá sáré wá láti ilé ìdáná. Ṣé o mọ ohun tó kọ́kọ́ nù? Eyín dùùrù. Ó nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára dùùrù kó tó wo ọwọ́ mi. Òun ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn. Ó ní tí mo bá ba ọkùnrin gidi lórúkọ jẹ́, orúkọ ta ni màá wá máa jẹ́? Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn náà, Màmá kọ́ ọkùnrin yẹn ní dùùrù. Bóyá ìdérí náà kò tíì gbẹ tán."

Kò sẹ́ni tó gbá ojúlé mọ́ lẹ́yìn ògiri.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Lọ́yà. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ọ̀rọ̀ àárín tọkọtaya ni," Lọ́yà wí. "Ọdún mẹ́rìndínlógún nìyí. Inú ń bí mi lọ́jọ́ yẹn, ọmọdé sì ni mí. Mo tọrọ àforíjì. Màmá ti dárí jì mí."

"Ṣé ọwọ́ Màmá lo ṣẹ́ ni?"

Lọ́yà ṣẹ́jú. Láti ìgbà tí Nọ́ọ̀sì ti wà lọ́mọ ilé-ìwé ló ti ń fi 'ẹ' bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀, bí àbúrò ìyàwó ṣe ń bá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ pàápàá, kò yí i padà.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Èmi? Èmi ni 'lo'?"

"Ìwọ," Nọ́ọ̀sì wí. "Ìwọ ni mò ń bá wí. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò lára dùùrù ìyá mi."

Ọ̀rọ̀ náà bà á ju ìgbájú lọ. Ó sún sẹ́yìn, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó yọ fóònù nínú àpò, gbogbo òfin tó kọ́ sì padà sí i lójú. "Ó dáa. Ọ̀rọ̀ rẹ nìyí, tó o fọwọ́ ara rẹ kọ. 'Mo fi dùùrù Màmá ta yín lọ́rẹ.' Ẹ̀bùn tí a bá ti fún èèyàn, a kì í gbà á padà. Àwọn èèyàn wọ̀nyí sì ni ẹlẹ́rìí mi."

"'Ta yín' ni mo kọ," Nọ́ọ̀sì dáhùn. "Èmi ò rí 'yín' kankan níbí mọ́. Ìwọ nìkan ni mo rí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí ògiri. Olórí àwọn agbẹ́rù tẹríba, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú bẹ́líìtì kúrò lára dùùrù.

"Kí lò ń ṣe?" Lọ́yà bi í.

"Ẹrù la wá gbé, ọ̀gá. A ò wá gbé ìjà."

Lọ́yà kọrí sí géètì. Típà ló bá níbẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n sún un. Oníbúlọ́ọ̀kù wo awakọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ tọwọ́ bọ àpò òsì, ó tọwọ́ bọ tọ̀tún, ó wo abẹ́ ìjókòó, ó ní níbí ni kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́ẹ̀kan. Okùn ló fi so ó kọ́ ọrùn, gbogbo ayé sì ń wò ó. Lọ́yà dúró nínú oòrùn, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó ń gbé ilé kejì na ìka sí i láti orí ògiri, ó béèrè sókè pé, "Ṣé ẹni tó ń lu dùùrù lọ́jọ́bọ̀ nìyẹn? Èmi tí mo máa ń ṣí wíńdò gbọ́ ọ!" Ó tutọ́ sílẹ̀, ó wọlé lọ. Ìgbà tó sú Lọ́yà, ó fún ara rẹ̀ sáàárín típà àti ògiri, ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ bí alákàn. Nígbà tó fi máa bọ́ sí títì, ìdajì ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ ti di eérú. Àwọn agbẹ́rù gbé pákó wọn, wọ́n tẹ̀ lé e.

Ó wá ku tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pẹ̀lú dùùrù láàárín ọgbà, awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ méjì sì dúró ti típà.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Má bẹ̀ mí. Mi ò ní ibi tí mo máa kó ẹ̀bẹ̀ sí lónìí."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"O ò bi mí. O fọ ọgbẹ́ náà. O di ìka mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, o ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. O gba ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn gbọ́ torí pé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

"Màmá ni mo gbà gbọ́."

"Ohun kan náà ni."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, ó gbá òòlù náà mú. Ó wúwo ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ó gbé e dé orúnkún, ó gbé e dé àyà. "Màá fọ́ ọ. Ẹ sún sẹ́yìn. Èmi ni màá fọ́ ọ."

"Gbé e sílẹ̀, o máa ṣẹ́ ara rẹ lẹ́sẹ̀." Oníbúlọ́ọ̀kù gba òòlù náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbà á jẹ́jẹ́. "Tó bá jẹ́ fífọ́ ni, ṣé o rò pé màá dúró dè ọ́? Igi kọ́ ló ṣẹ́ mi lọ́wọ́. Mo kàn fẹ́ kó kúrò níwájú mi, kó má sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ni."

Awakọ̀ húkọ́. Ó ní kí wọ́n má bínú o, ìyá ìyàwó òun ní ilé-ìwé kékeré kan, àwọn ọmọ ibẹ̀...

"Dákẹ́," Oníbúlọ́ọ̀kù wí. "Má dárúkọ ibẹ̀ fún mi. Má sọ ọ̀nà rẹ̀ fún mi. Ṣé ó jìnnà?"

"Bíi wákàtí mẹ́ta, Ìyá."

"Ṣé wọ́n máa gbà á?"

"Wọ́n á jó."

"Má sọ ìyẹn náà fún mi. Ẹ gbé e."

Awakọ̀ yí típà kí ìdí rẹ̀ kọjú sínú ọgbà, wọ́n fi pákó tó wà nínú rẹ̀ ṣe afárá sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi àpò sìmẹ́ńtì tó ti ṣófo tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ló ń tì í, Nọ́ọ̀sì sì ṣe ẹ̀kẹrin wọn, ó fi èjìká gbè é títí aṣọ rẹ̀ fi ya. Oníbúlọ́ọ̀kù dúró lókèèrè, kò fọwọ́ kàn án, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi: "Ẹ gbé ẹ̀yìn sókè! Ṣé òkú lẹ̀ ń gbé ni? Ẹ fi okùn dè é lọ́nà méjì! Ìwọ, kúrò níbẹ̀ kó má tẹ̀ ọ́!" Èyí tó sọ kẹ́yìn yìí, Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ fún.

Nígbà tí típà lọ, Oníbúlọ́ọ̀kù fẹsẹ̀ rìn jáde ní géètì. Nọ́ọ̀sì sáré tẹ̀ lé e pé kó jẹ́ kí òun bá a wá ọkọ̀.

"Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, kò wẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì dá nìkan kó ìyókù ẹrù lọ sí àjà kẹrin. Ọ̀sẹ̀ kejì ló tó ṣí páálí tó kó ìwé Màmá sí. Ó rí ìwé àjákọ tí Màmá fi ń kọ orúkọ àwọn tó ń kọ́ ní dùùrù. Ní Ọjọ́bọ̀, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ títí dé èyí tí Màmá fi ọwọ́ gbígbọ̀n kọ ní ọ̀sẹ̀ tó dákú, kò kọ orúkọ Lọ́yà rí. "Ọkọ ọmọ mi" ló ń kọ. Nọ́ọ̀sì kà á títí, ó ń wá ọ̀sẹ̀ kan, ẹyọ ọ̀sẹ̀ kan, tí ọwọ́ Màmá lè ti fà sẹ́yìn. Kò rí i. Ó ti gbé ìyá náà fún ọdún mọ́kànlá. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ bínú sí i, kò sì mọ ibi tó máa gbé ìbínú náà lọ, nítorí òkú kì í gbọ́ ìjà. Ó fa ìwé náà ya.

Lọ́jọ́ tí kò níṣẹ́, ó lọ sí ọgbà búlọ́ọ̀kù. Oníbúlọ́ọ̀kù ń fi igi gún yẹ̀pẹ̀ wò.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá jókòó."

"Kò sí àga."

Nọ́ọ̀sì jókòó lórí búlọ́ọ̀kù.

"Dìde. Ìyẹn ò tíì gbẹ."

Ó dìde, ó lọ jókòó sórí òkìtì yẹ̀pẹ̀. Wákàtí kan kọjá kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ ìwé àjákọ náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó rí níbẹ̀.

"Mo mọ̀," Oníbúlọ́ọ̀kù wí. "Ojú mi ni Màmá ti sọ pé títí òun á fi kú, ọkọ mi ni ọkùnrin yẹn."

"Mo ti fà á ya."

"Ta ló ní kó o fà á ya? Ṣé o rò pé ìyẹn máa ká ìka mi ni?"

"Rárá."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kò dìde. Ó tún wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀gbọ́n á bá a sọ̀rọ̀, tó bá jẹ́ pé ìbúni la lè pè ní ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn á ṣe bí ẹni pé yẹ̀pẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Wọn kò tíì jọ jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, bí Nọ́ọ̀sì ṣe ń gbọn eruku kúrò láṣọ kó lè máa lọ, Oníbúlọ́ọ̀kù jágbe mọ́ ọn láti ìdí ẹ̀rọ.

"Má wọ irú bàtà yẹn wá síbí mọ́. Sìmẹ́ńtì máa jẹ ẹ́."